Kí ni "parenchyma" inú èsì àyẹ̀wò mi?

Ìbéèrè: Wọ́n ya àwòrán inú ikùn mi, wọ́n sì kọ ọ́ sínú èsì pé "parenchyma" ẹ̀dọ̀ mi dára. Ṣé àìsàn ni?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Parenchyma ni apá tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an nínú ẹ̀yà ara. Èyí tó gbé e ró, tó sì so ó pọ̀, ni wọ́n ń pè ní stroma. Nínú ẹ̀dọ̀, parenchyma ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe òróòro, tó ń tọ́jú ṣúgà pamọ́, tó sì ń pa agbára májèlé. Àwọn ló kó nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ẹ̀dọ̀. Ti ẹ̀dọ̀fóró ni àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́.

Erasistratus, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ló sọ parenchyma lórúkọ. Ó pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ tó dà jáde tó sì dì ló di ẹran ẹ̀dọ̀. Èrò náà kò tọ̀nà, àmọ́ orúkọ náà dúró. Àwọn onímọ̀ ewéko náà ń lò ó fún sẹ́ẹ̀lì aláwọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tó kó sítáàṣì sínú iṣu.

Nínú èsì yín, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ tẹ̀ lé "parenchyma" ló yẹ kí ẹ máa wò: bóyá ọ̀rá ti wọ̀ ọ́, tàbí àpá ti gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ gbogbo rẹ̀. Àrùn mẹ́dọ̀wú lè wà níbẹ̀ kí àwòrán ṣì dára, nítorí náà, ẹ bi dókítà yín nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.