Orin Àdákọ àti Ohun-Èlò Òyìnbó

Orin tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kọ nípa ìfẹ́, ìbànújẹ́ tàbí ìbínú ọkàn rẹ̀, tí a sì tẹ orúkọ rẹ̀ sí ara àwo gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ín, kì í ṣe ohun tí àwọn baba ńlá wa mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ o. Àwọn baba wa kọrin nípa ara wọn. Kí gìtá tó dé ilẹ̀ yìí ni ìyàwó ní ìhà Ọ̀yọ́ ti ń sun ẹkún ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí ilé ọkọ. A ki baba, a ki ìyá, a sì máa sọ bí àyà rẹ̀ ti ń já. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ni ó bá lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn àbúrò rẹ̀ yóò sì ti gbà á. Omijé jẹ́ ti ẹnì kan, ẹkún jẹ́ ti gbogbo ìyàwó.

Nígbà tí òyìnbó dé, wọ́n mú orin mímọ́ wá, lẹ́yìn náà wọ́n mú gìtá àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù wá. Níbi orin mímọ́ ni ìjàngbọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn: igba kì í ṣe igbá, igbá kì í sì í ṣe ìgbà. Àwọn tí ó túmọ̀ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ ohùn orin tí a ti ṣe fún èdè mìíràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń fẹ́ sọ̀kalẹ̀, orin ń gòkè. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ láti òkèèrè lè rò pé igbá ni wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ orin ìjọ ní ohùn ilẹ̀ wa, ó sì kọ èyí tí ó ju 40 lọ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ní 1953, Ekundayo Phillips, ẹni tí ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Christ Church ní Èkó, tẹ odidi ìwé jáde lórí orin Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹnì kan tí ó sún mọ́ wa. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí kò jìnnà sí Ẹ̀sà-Òkè níhìn-ín, ni ìlú àwọn òbí Isaiah Kẹ́hìndé Dáìró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀fà ni a bí i sí. Owó kò jẹ́ kí ó kàwé jìnnà. Ó ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó sì ṣe onírúurú iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn kí ó tó dá ẹgbẹ́ orin Morning Star sílẹ̀ ní 1957, ẹgbẹ́ tí ó wá sọ di Blue Spots. Inú orin jùjú rẹ̀ ni ó mú dùùrù kékeré nì wọ̀, èyí tí a ń gbé kọ́ àyà, tí a ń fà tí a sì ń fún, tí òyìnbó ń pè ní accordion.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí ó ṣe. Dùùrù kò lè sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n gángan lè sọ ọ́: bí alùlù bá fún ọsán rẹ̀, ohùn a gòkè, bí ó bá sì dẹ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Dáìró kó àjèjì àti onílé pọ̀ sí agbo kan. Dùùrù ń kùn lábẹ́, gángan ń sọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ sì ti rí lẹ́nu wa ni ó ṣe ń kọ ọ́ lórin. Nínú agbo yẹn ni ó ti kọ ìfẹ́ Salome. Ó ki àwọn olówó pẹ̀lú, nítorí ìyẹn ni oúnjẹ onílù; síbẹ̀, lójú tèmi, àwọn orin tí ó ti sọ èrò ọkàn ara rẹ̀ ni ó dùn jù. Ní 1963 Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá. Láàárín 1994 sí 1995 ó wà ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ òyìnbó ní orin jùjú. Ní 1996 ó kú.

Fẹlá, ọmọ-ọmọ Àlùfáà Ransome-Kuti tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1958, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà, níbi tí ó lọ ní 1969, ni ó ti gbọ́ ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú tí orin rẹ̀ fi yí padà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ ohun tí ojú ara rẹ̀ rí: àtìmọ́lé, ilé rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun sun ní 1977, àti ìyá rẹ̀ tí ó kú ní ọdún kejì. Ẹ̀dùn ọkàn gidi ni. Ṣùgbọ́n èdè Píjìn ni ó fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù, kí gbogbo Áfíríkà lè gbọ́. Ó jèrè ayé. Èdè Yorùbá kò jẹ nínú èrè náà tó bí ó ti yẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń gbọ́ orin àwọn ará Kòríà lóde òní. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti Amẹ́ríkà ni Seo Taiji ti mú orin ọlọ́rọ̀-wéré wọ ilẹ̀ wọn ní 1992, àti pé àwọn ọ̀dọ́ bí IU ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ̀rọ̀ orin wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò rí ìyọnu tí àwa rí, nítorí èdè wọn kì í ṣe olóhùn bíi tiwa. Wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ wọn lé ohùn orin Amẹ́ríkà láìsí pé igbá di ìgbà.

Ọmọbìnrin Yorùbá kan, Aṣa, tí a bí ní Paris ní 1982 tí ó sì dàgbà ní Èkó, dojú kọ ìyọnu náà nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2007. Gìtá ni ó gbé lọ́wọ́, ó sì kọrin ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Kí ẹni tí ó bá ní àwo náà fi “Jailer” àti “Ẹyẹ Àdàbà” lé ara wọn. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá inú èkejì sílẹ̀, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ó sì fa ilà sí abẹ́ gbogbo ibi tí orin ti gòkè nígbà tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀. Kí ó mú un wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.