Apá Tó Kán, Apá Tó Là

Bí ẹnì kan bá ní "ìyẹ́ bàálù mi ti fọ́," a gbọ́ ọ yé, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ló ṣì lò. Ìyẹ́ ni ohun tí à ń tu lára adìyẹ. Apá ni ẹyẹ fi ń fò, apá náà sì ni bàálù ní, ì báà jẹ́ bàálù onírìmóòtù tí a fi igi kàn. (Ìyẹ́-apá inú Bíbélì kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má gé apá kúrò lára rẹ̀.) Fífọ́ ńkọ́? Ti ìkòkò àti àwo nìyẹn.

Ẹni tó bá gbé bàálù tó jábọ́ lọ bá káfíńtà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ọ̀rọ̀ tó bá lò ni yóò sọ irú iṣẹ́ tó fẹ́. Apá tó kán ti pín sí méjì, ìdí rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ ara bàálù, ló sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ ń ti apá sókè, ẹrù ara bàálù ń fà á wálẹ̀: abẹ́ apá ń nà, òkè rẹ̀ ń fún pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan sí òkè, òmíràn sí ìsàlẹ̀, tí a sì ń lẹ pákó pẹlẹbẹ sáàárín wọn. Ìlà ara pákó yìí gbọ́dọ̀ dúró lóòró. Bó bá sùn gbalaja, yóò là. Apá tó là kò tíì kán, gọ́ọ̀mù àti òwú tí a fi wé e lè tó o. Oríkèé tó tú, gọ́ọ̀mù ni kò mú. Ọ̀rá tí a fi bo apá ló ń ya. Apá tó wọ́ ńkọ́? Bàálù yóò máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá.

Ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ "ró apá lágbára". Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ olóṣèlú. Ẹ sọ bóyá kó le lẹ fẹ́ ni, tàbí kó yi. Òkúta le, kò yi. Ẹran ògbólógbòó màlúù yi, kò le. Apá tó le láìyi á kán nígbà àkọ́kọ́ tó bá gbálẹ̀. Èyí tó yi láìle á máa jì lókè. Ohun tí ẹ bá sì ṣe sí ọ̀tún, ẹ ṣe é sí òsì, torí ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Balsa, igi fífúyẹ́ tí wọ́n ń lò jù, Ecuador ló ti ń wá jù. Arère tiwa wúwo tó bí ìlọ́po méjì rẹ̀, nítorí náà kò yẹ fún gbogbo egungun apá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun ni àwọn aláfẹ́ bàálù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń bo apá tí wọ́n fi fóòmù ṣe. Obeche ni wọ́n ń pè é. Ní Abidjan, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ń gbé, samba ni; ní Gánà, wawa. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn onípákó ní Èjìgbò, arère ni kó béèrè.