Bí Ọkọ̀ Kò Bá Sí, Ẹ Jẹ́ Kí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Wá Bá Wa ní Abà

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe ti ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo. Ti àwọn ọmọ tí a ń torí wọn roko ni.

Láìpẹ́ yìí, mo pàdé ìyá ìkókó kan lọ́nà oko. Ó ti pọn ọmọ rẹ̀ tó pé oṣù 9, ó fẹsẹ̀ rìn lọ gba abẹ́rẹ́ èèyi. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, pé àwọn ọmọ tó wá kò pọ̀ tó. Ó ní, "Ọ̀gá Agíríìkì, n kò lówó ọ̀kadà, n kò sì lè tún rin ìrìn yẹn mọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí èèyi lè pa ọmọ.

Kí ló fà á? Ìgò abẹ́rẹ́ èèyi kan lè tó ọmọ 10. Bí wọ́n bá ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídànù ni. Kò yẹ kí wọ́n torí èyí dá ọmọ kankan padà, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ṣebí a máa ń kó adìyẹ abà jọ lọ́jọ́ kan kí ìgò òògùn kan lè kárí wọn?

Ìgbà tí ọmọ ń gba àjẹsára nìyí:
(a) Ní kété tí a bá bí i
(b) Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14
(d) Oṣù 9: èèyi àti ibà apọ́njú
(e) Oṣù 15: èèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ohun tí a ó ṣe:
1. Kí ẹnì kan ní abà kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ gbogbo ọmọ àti ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀.
2. Kí Baálẹ̀ mú ìwé náà lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, kí wọ́n jọ mú ọjọ́ kan lóṣù. Ọjọ́ ọjà ló dára jù, ẹsẹ̀ máa ń pé.
3. Kí ẹgbẹ́ dá owó epo, kí ọlọ́kadà kan lọ gbé òṣìṣẹ́ náà wá. Owó ọ̀kadà kan kò tó ti ìyá 10.
4. Inú kúlà oníyìnyín ni abẹ́rẹ́ ń wà, nítorí ooru ń bà á jẹ́. Nítorí náà, kí gbogbo ìyá ti pé jọ sábẹ́ ibòji kó tó dé.
5. Ẹ fi ọ̀rá wé káàdì ọmọ kí òjò má bàa bà á jẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni àjẹsára ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ rántí àrùn rọpárọsẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ gbé kúlà láti ilé dé ilé, láti abà dé abà, títí tí àjọ ìlera àgbáyé fi kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé irú rẹ̀ tó ń dá wá fúnra rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Wọn kò dúró de ẹni tó ní mọ́tò.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, ẹ mú orúkọ àwọn ọmọ abà yín dání.