Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÌTỌ́JÚ ÒBÍ TÓ TI DARÚGBÓ
Bíbélì Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 47:28–31, 48:1–10, 50:1–14

Ará nínú Olúwa, Jákọ́bù pé ẹni ọdún 147 kó tó kú, ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì. Nígbà tí Jósẹ́fù, ìjòyè ńlá ní Íjíbítì, gbọ́ pé ara bàbá òun kò yá, òun fúnra rẹ̀ lọ, ó sì mú ọmọ rẹ̀ méjèèjì dání.

Àwa ará Tchaourou ńkọ́? Ọmọ wa ń bẹ ní Parakou, Kútọnu àti Èkó. Owó ń dé, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ni ìyá ń wá. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

1. Bí àgbà bá jẹun tán tó ní òun ò tíì jẹun, ká má pè é ní àjẹ́. Àìsàn ọpọlọ lè fà á. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, ẹ sì máa dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

2. Kí ọmọ kan má dá ẹrù náà rù. Ẹni tí kò lówó lè wá sùn tì í.

3. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹ sunkún. Jósẹ́fù sunkún lé bàbá rẹ̀ lójú, 70 ọjọ́ ni àwọn ará Íjíbítì sì fi ṣọ̀fọ̀. Ẹkún kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ìnáwó òkú kò lè dípò ìbẹ̀wò tí a kò ṣe.

Ìbéèrè: Òbí ta ni nínú wa ló ń wọ̀nà lónìí? Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.