Ìyàtọ̀ láàárín ‘Gbà’ àti ‘Gbé’ nínú Àkọsílẹ̀ Owó Ìfẹ̀yìntì

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 yọ̀ǹda fún òṣìṣẹ́ láti gbé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ alábòójútó mìíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni àjọ PenCom ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, bí olùkọ́ kan ní Emùré-Èkìtì tí ó wà lábẹ́ ètò yìí bá gbé 2,000,000 náírà, tí ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ ‘owó tí a gbà’ nígbà tí ó ń fi kọ̀ǹpútà kọ ìwé owó orí ìpínlẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò bu owó orí lé e. ‘Gbà’ fi hàn pé ohun tuntun wọlé. ‘Gbé’ fi hàn pé ohun àtijọ́ pààrọ̀ àyè. Owó àpò òsì tí a kó sí àpò ọ̀tún kì í ṣe èrè.

Ọ̀nà àtúnṣe ni kí ó yọ iye náà kúrò lábẹ́ owó-wíwọlé, kí ó fi owó ìfẹ̀yìntì tí a yọ lóṣooṣù wé ìwé owó oṣù rẹ̀, kí ó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí. Ó yẹ kí olùkọ́ èdè lo irú àpẹẹrẹ yìí ní kíláàsì, nítorí àṣìlò ọ̀rọ̀-ìṣe kan lè mú kí ènìyàn san owó orí tí kò jẹ.