Ẹ Má Tíì Ra Sítátà

*Camry 2003 ni mo ń wà, ẹ̀gbẹ́ títì ni mo sì ń gbé e sí ní Chatham níbí. Láti ìgbà tí òtútù ti dé, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, kẹ́-kẹ́-kẹ́ ló máa ń ṣe, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á sì rẹ̀ wálẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra sítátà. Ẹlòmíràn ní mọ́tò ti gbó, kí n tà á. Bátìrì rẹ̀ kò sì tíì pé ọdún méjì. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Chatham, Chicago.*

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ kú òtútù. Ẹ má tíì ra sítátà, ẹ má sì ta Big Daddy yín (orúkọ tí wọ́n ń pe Camry 2002 sí 2006 nílé ní Nàìjíríà nìyẹn, ọmọdé Èkó pàápàá mọ̀ ọ́n). Ìdáhùn ìbéèrè yín ti wà nínú lẹ́tà tí ẹ kọ: kẹ́-kẹ́-kẹ́ yẹn ni. Ohùn tí mọ́tò fọ̀ nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, kò sì yẹ kí a dá ẹjọ́ láì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa, àmọ́ tí iná kò ràn, ọ̀ràn epo tàbí ti plọ́ọ̀gì nìyẹn, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn. Tiyín kò dé ibẹ̀ rárá, nítorí ẹ́ńjìnnì yín kò yí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá yí, ọ̀dọ̀ iná mànàmáná la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Inú sítátà ni màgínẹ́ẹ̀tì kan wà tí iná bátìrì máa ń fà mọ́ra. Bó bá ti gbá mú, sítátà á béèrè iná ńlá lójijì. Bátìrì tí kò lágbára á rẹ̀wẹ̀sì, màgínẹ́ẹ̀tì á já sílẹ̀. Bátìrì á tún mí díẹ̀, á tún gbá mú, á tún já. Òun ló ń ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ká ní sítátà ló bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó sábà gbọ́ ọ, kó!, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á sì mọ́lẹ̀ bó ṣe wà. Iná tiyín ń rẹ̀ wálẹ̀, ẹlẹ́rìí kejì nìyẹn. Kódà, nínú Toyota àtijọ́, tó bá jẹ́ pé kó! yẹn ni, kọ́pà kékeré méjì inú sítátà ló sábà máa ń jẹ tán, a sì lè pààrọ̀ wọn láì ra odidi sítátà.

Òtútù ìlú yín wá jẹ́ ẹlẹ́rìí kẹta. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, òṣùwọ̀n Fahrenheit já dé 23 nísàlẹ̀ òdo ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare. Ẹgbẹ́ awakọ̀ AAA sọ pé bí omi bá ti ń di yìnyín, ní 32, bátìrì ti pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀. Bó bá dé òdo, ó ti pàdánù ju ìdajì lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà á ki bí ògì, yóò sì gba agbára púpọ̀ sí i láti yí i. Agbára dínkù, iṣẹ́ sì pọ̀ sí i, láàárọ̀ kan náà.

Ẹ ó ní bátìrì kò tíì pé ọdún méjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ rà á kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo déètì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá sì jẹ́ láti ilé dé ọjà 87th Street lẹ máa ń wà á, pẹ̀lú hítà àti iná ìwájú, bátìrì kì í rí àyè gba iná tó ná padà. Ẹlòmíràn á ní, “Rédíò ṣáà ń kọrin.” Iná táṣẹ́rẹ́ ni rédíò ń jẹ, sítátà ń jẹ iye tó ju ọgọ́rùn-ún áńpù lọ. Kànga tó mú ife omi kan jáde lè má kún dúrọ́ọ̀mù.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ibi tí wáyà ti dè mọ́ orí bátìrì. Bí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bò ó, tàbí tó bá ń mì, ẹ tú u, ẹ ha á mọ́, ẹ dè é le: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń parí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bátìrì lọ sí AutoZone kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kì í gba owó. Bó bá kún, mítà á ka nǹkan bíi 12.6 fóòtì, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti lọ sí ìdajì. Bí ẹ bá jọ́ńpù mọ́tò tó sì dáhùn, ẹ tún wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: ó yẹ kó lé ní 13.5. Bó bá dúró sí 12, áltánétọ̀ (ohun tó ń fi iná kún bátìrì) ni kò fún un lóúnjẹ. Bí ẹ tilẹ̀ ra bátìrì tuntun, òun náà á kú. Nígbà jọ́ńpù, ẹ fi wáyà dúdú ìkẹyìn mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe orí bátìrì tó kú, nítorí gáàsì ibẹ̀ lè bú gbàmù. Bátìrì tó ti di yìnyín, ẹ má jọ́ńpù rẹ̀ rárá.

Bí gbogbo èyí bá mọ́ tán, tí bátìrì sì yege, sítátà ló kù, ẹ lè wá náwó lé e. Ní báyìí, ẹ wo títì tí mọ́tò dúró sí. Ní àwọn títì ńlá Chicago tí wọ́n fi pátákó sí, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá dé ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò síbẹ̀ láago mẹ́ta òru sí méje àárọ̀, yálà yìnyín rọ̀ tàbí kò rọ̀. Bó bá jẹ́ irú títì bẹ́ẹ̀ ni tiyín, ẹ ké sí àwọn ọmọ àdúgbò, kí wọ́n bá yín tì í bọ́ sí títì kékeré kan kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ìjọba má baà fà á lọ.