Ìwé Àṣẹ, Ìyọ̀ǹda àti Iná Ọba: Àgbéyẹ̀wò Ètò Ìjọba Lórí Iná Mànàmáná ní Ìbàdàn Àtijọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀nà tí ìjọba ń gbà fi òfin àti ìwé àṣẹ darí iṣẹ́ iná mànàmáná wò, pàápàá bí ó ṣe kan àwọn agbo ilé tí ó wà ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn: Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrunkà. A tọ ìtàn òfin náà láti ọdún 1950 títí dé ìyípadà ńlá tí ó wáyé ní ọdún 2023. A jẹ́ kí ó hàn pé àìsí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó dúró sójú kan fún oríṣiríṣi àṣẹ wà lára ohun tí ń mú kí ará àdúgbò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ìparí, a dá àbá ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ kíláàsì fún olùkọ́ Yorùbá.

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá dúró lórí òkè Mápó, níwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, ohun méjì ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí. Èkíní ni òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà lọ bẹẹrẹbẹ. Èkejì ni waya iná tí ó lọ́ mọ́ra láti ojúlé kan dé òmíràn. Àwọn akéwì ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí òrùlé náà. Waya ni iṣẹ́ tiwa dá lé lórí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ dáhùn. Ta ni ó ní àṣẹ láti ri òpó iná sí àdúgbò? Ta ni ó ni tiransifọ́mà tí àwọn ará àdúgbò dá owó rà? Èdè wo ni a sì fi ń bi ìjọba ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka Yorùbá, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ orúkọ ohun tí ó ń béèrè, ó ṣòro kí ó tó rí i gbà.

Ìgbàṣẹ nínú Àṣà Yorùbá

Ìgbàṣẹ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní Ìbàdàn, Mọ́gàjí ni olórí agbo ilé. Ọmọ ilé tí ó bá fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí yóò kọ́kọ́ lọ bá a. Mọ́gàjí yóò pe àwọn àgbà ilé jọ, wọn yóò lọ wo ilẹ̀ náà, wọn yóò fi ààlà hàn án, àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí ọmọ náà bá kọjá ààlà, wọn lè dá a dúró. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lọ́jà. Kò sí ẹni tí yóò ṣàdédé pàtẹ sí Ọjà'ba láìjẹ́ pé ó gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú ọjà kọjá.

Bí a bá tú ètò yìí palẹ̀, a ó rí òpó mẹ́rin nínú rẹ̀: ẹni tí ó ní àṣẹ, àyẹ̀wò kí àṣẹ tó jáde, ẹ̀rí pé àṣẹ ti jáde, àti ìbáwí fún ẹni tí ó bá yẹ àdéhùn. Òpó mẹ́rin yìí náà ni ètò ìjọba lórí iná dúró lé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu ni àṣẹ agbo ilé ti ń jáde ní ojú ẹlẹ́rìí, inú ìwé sì ni ti ìjọba wà, lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtàn Òfin Iná Mànàmáná ní Ṣókí

Ní ọdún 1950 ni òfin dá àjọ ECN sílẹ̀ láti máa bójú tó iná ní gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1962, wọ́n dá àjọ kejì sílẹ̀ fún ìsédò Niger, èyí tí ó bí iṣẹ́ Kainji. Ní ọdún 1972, ìjọba ológun pa àjọ méjèèjì pọ̀, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni NEPA. Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹnì kan náà ni ó ń ta ọjà tí ó sì ń di òṣùwọ̀n mú. NEPA ni ó ń pèsè iná, òun ni ó ń tà á, òun náà sì ni aráàlú ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Òfin àtúnṣe ti ọdún 2005 ni ó kọ́kọ́ ya iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀. NEPA di PHCN, wọ́n sì dá NERC sílẹ̀, àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fúnni ní ìwé àṣẹ, láti máa fọwọ́ sí iye owó iná, àti láti máa gbọ́ ẹjọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fi ìpínkiri iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. IBEDC ni ó bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Síbẹ̀, bí iná bá lọ ní Bẹyẹrunkà lónìí, "NẸ́PÀ ti mú iná lọ" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wí. Orúkọ náà ti ju ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ lọ. Onímọ̀ èdè lè ka èyí sí ìfẹjú ìtumọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ń lò fún olùtajà àti fún alábòójútó kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹnìkan wà tí a lè fi ẹjọ́ olùtajà sùn.

Oríṣiríṣi Àṣẹ àti Iṣẹ́ Wọn

Lábẹ́ òfin ọdún 2005, ìsọ̀rí ìwé àṣẹ márùn-ún ni ó wà: fún ìpèsè iná, fún gbígbé iná lórí waya ńlá, fún àkóso ètò waya náà, fún ìpínkiri iná sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù, àti fún kíkó iná rà láti tún un tà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò ìwé wọ̀nyí. Òfin náà sọ pé ẹni tí ohun èlò ìpèsè iná rẹ̀ kò bá ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ lójú kan, tàbí tí ìpínkiri tirẹ̀ kò ju kílówáàtì 100 lọ lójú kan, lè ṣe é láìgba ìwé àṣẹ náà. Nípa bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aránṣọ ní Bẹẹrẹ tàbí sólà tí onílé kan gbé sórí páànù rẹ̀ kò kan ìwé àṣẹ NERC. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó bá fẹ́ pèsè iná tí ó ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ fún ìlò ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Ní ọdún 2016, NERC ṣe ìlànà tirẹ̀ fún àwọn iná kéékèèké tí àdúgbò tàbí abúlé lè dá ní.

Àwọn àjọ mìíràn tún wà. NEMSA ni ó ń yẹ ohun èlò iná wò tí ó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992 ni ó de ẹni tí ó bá fẹ́ dá ibùdó ìpèsè iná ńlá sílẹ̀. Láti ìgbà tí òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 ti dé, NMDPRA ni ó ń fún ilé epo àti ibùdó gáàsì ní ìwé àṣẹ.

Ìlànà àyè abẹ́ waya tún wà. Àyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún waya kílófóótì 330 jẹ́ mítà 50 ní ìbú. Ti kílófóótì 132 jẹ́ mítà 30. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà kọ́rọ́kọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ yóò mọ̀ pé ó ṣòro láti rí irú àyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ilé ti fara kan ilé kí òfin tó dé. Ìdí nìyí tí olùkọ́ kò fi gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ pé arúfin ni gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ waya. Kí ó kọ́ wọn láti béèrè pé: èwo ni ó ṣáájú níbẹ̀, ilé ni tàbí waya, irú waya wo sì ni?

Tiransifọ́mà Àdúgbò: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ibí yìí ni òfin ti kan àpò ará Ìbàdàn jù. Ẹ jẹ́ kí a fi agbo ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Tiransifọ́mà jóná. Àwọn ará àdúgbò dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dúró fún oṣù kan, kò sí ẹni tí ó wá. Wọ́n pe ìpàdé. Onílé dá iye kan, ayálégbé dá iye kan, ìyá aláta náà mú tirẹ̀ wá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Wọ́n ra tiransifọ́mà tuntun, oníṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná so ó pọ̀, iná dé, wọ́n jó. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, bíìlì dé fún gbogbo ojúlé bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ná kọ́bọ̀.

Ní ọdún 2015, NERC ṣe ìlànà lórí ìdókòwò sí ohun èlò ìpínkiri iná. Kókó rẹ̀ ni pé, bí ará àdúgbò bá fẹ́ fi owó ara wọn ra irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, òun àti ilé-iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, nínú èyí tí wọn yóò ti sọ bí owó náà yóò ṣe padà sọ́wọ́ àwọn tí ó dá a. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù níbẹ̀ ni "kọ́kọ́". Àdéhùn ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú owó. Àdúgbò tí ó bá ti ra ọjà tán kí ó tó béèrè ìwé ti fi ẹ̀yìn ṣe iwájú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní ẹ̀rí tí yóò fi pe ẹjọ́.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ará àdúgbò yìí tẹ̀ lé òpó mẹ́rin tí a kà sókè, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọ́n pe àgbà, wọ́n ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní ẹlẹ́rìí, wọ́n sì mọ ẹni tí kò tí ì san tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni ìwé. Olóye ni wọ́n; èdè tí ìwé náà wà ni kò jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìyípadà Ọdún 2023

Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 fi ààyè gba ìpínlẹ̀ láti ṣòfin lórí iná ní ibi tí waya ìjọba àpapọ̀ kò dé nìkan. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tí ó mú ìdènà náà kúrò. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin iná mànàmáná tuntun tí ó rọ́pò ti ọdún 2005. Láti ìgbà náà ni NERC ti ń fi àkóso ọjà iná lé àwọn ìpínlẹ̀ tí ó bá ti ní òfin àti àjọ tiwọn lọ́wọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára wọn.

Ìtumọ̀ èyí ni pé ibi tí a ti ń ṣòfin ti kúrò ní Àbújá wá sí Agodi. Abala 97 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ sì sọ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí ilé náà bá fọwọ́ sí i. Òfin iná ti súnmọ́ ilé, àyè sì wà fún èdè ilé nínú rẹ̀. Ẹ̀ka Yorùbá kò gbọdọ̀ dúró kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é.

Àbá Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní apá méjì, lábẹ́ àkóso Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1984 àti Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990. Ìwé ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin ní èdè mẹ́rin tẹ̀ lé e ní 1991. Lórí ìpìlẹ̀ yẹn ni a ti dá àbá wọ̀nyí:

1. Òfin: èyí tí ilé aṣòfin ṣe tí ààrẹ tàbí gómìnà sì fọwọ́ sí.
2. Ìlànà: èyí tí àjọ alábòójútó gbé kalẹ̀ láti inú òfin, bíi ti ọdún 2015 lórí tiransifọ́mà.
3. Ìwé àṣẹ: èyí tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó máa ta iná tàbí kí ó máa pín in. Láìsẹ́ǹsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí.
4. Ìyọ̀ǹda: èyí tí a fún ẹnìkan láti ṣe ohun kan pàtó ní ibì kan pàtó, bíi kí ó pèsè iná ńlá fún ara rẹ̀. Ó kéré sí ìwé àṣẹ.
5. Ìwé ẹ̀rí: èyí tí ó jẹ́rìí pé a ti yẹ iṣẹ́ wò tàbí pé oṣìṣẹ́ mọṣẹ́.
6. Alábòójútó: àjọ tí ó ń ṣọ́ olùtajà. A kò gbọdọ̀ pè é ní "àwọn NẸ́PÀ".

A mọ̀ọ́mọ̀ fi mítà, tiransifọ́mà, sólà àti bíìlì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, nítorí pé wọ́n ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu aráàlú. Orúkọ àwọn ohun èlò kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Orúkọ àṣẹ ni wàhálà wà.

Ìlò Nínú Kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ lè lo kókó yìí ní ọ̀nà mẹ́ta. Nínú ẹ̀kọ́ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, kí àwọn ọmọ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ iná ní orúkọ ẹgbẹ́ àdúgbò láti béèrè fún ìwé àdéhùn kí wọ́n tó dá owó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ èkejì sí alábòójútó, bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ náà kò dáhùn. Ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà méjèèjì ni yóò kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ láàárín olùtajà àti alábòójútó.

Nínú ẹ̀kọ́ àṣà, kí wọ́n fi ìgbàṣẹ lọ́dọ̀ Mọ́gàjí wé ìgbàṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n sì to òpó mẹ́rin náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ẹ̀kọ́ àkàyé, kí olùkọ́ mú bíìlì iná wọ kíláàsì. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín oníbàárà sí ìsọ̀rí A sí E gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí tí wọ́n ń rí iná lójúmọ́: ó kéré tán, wákàtí 20 fún A, 16 fún B, 12 fún C, 8 fún D, 4 fún E. Kí ọmọ wá ìsọ̀rí ilé wọn lórí bíìlì, kí ó ka wákàtí iná fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì kọ èsì rẹ̀ ní Yorùbá tí ó já gaara. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí tán ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé òpó tí ètò ìgbàṣẹ lórí iná dúró lé kò yàtọ̀ sí ti àṣà wa, àti pé ìwé àti èdè ni ó ya ará àdúgbò nípá. Òfin ti wá di ti ìpínlẹ̀. Bí a kò bá pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ báyìí, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àjọ tuntun yóò máa fi bá ìyá aláta Ọjà'ba sọ̀rọ̀, yóò sì tún dá owó tiransifọ́mà lẹ́ẹ̀kan sí i láìgba ìwé. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni láti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.